Ẹ má ṣe ka àárẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀gá: àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń kó fọ́ọ̀mù wá bá mi pé kí n bá àwọn ṣírò burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun tọkàn-tara. Wọ́n á ti ro gbogbo máàkì pọ̀: "Nọ́ọ̀sì yìí gba 71." 71 kí ni? Ìbéèrè 22 tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà, tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, Christina Maslach àti Susan Jackson, gbé jáde ní 1981, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Mẹ́sàn-án ń wo àárẹ̀ ọkàn. Márùn-ún ń wò ó bóyá o ti ń ṣe sí aláìsàn bí ẹni ń ṣe sí igi. Mẹ́jọ ń béèrè ohun rere tí o gbà pé ò ń ṣe. Máàkì tó ga nínú mẹ́jọ yìí, ohun tó dáa ni. Ẹni tó rò ó mọ́ àárẹ̀ ti da iyọ̀ pọ̀ mọ́ ṣúgà.

Ẹ má sì túmọ̀ ìbéèrè lólówuuru. Torí "burn" (jó) tó wà nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹnì kan kọ ọ́ pé "Ṣé iṣẹ́ ti jó yín?" Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní, "Iná ò jó mi o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" A tún un bi í bóyá ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kí ó tó kúrò nílé láàárọ̀. Ó mí kanlẹ̀: "Lójoojúmọ́ ni, ọmọ mi."

Ẹ má pè é ní àrùn. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe àìsàn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ojú tó ń wo èèyàn. Ní ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ló pín fọ́ọ̀mù, òun náà ló gbà á. "Kò ṣẹlẹ̀ rí" ló kún inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń jẹun ní búkà ni: tó bá dá wà, á gba ṣéńjì rẹ̀ pé, tí ọ̀rẹ́ bá yí i ká, á ní kí wọ́n máa mú un lọ. Ní 2003, olùwádìí Rick van Baaren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nẹ́dálándì rí i pé agbóúnjẹ tó bá tún ohun tí oníbàárà sọ sọ gẹ́lẹ́ máa ń gba ẹ̀bùn owó tó pọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bá lè fa ọwọ́ èèyàn sínú àpò, kí ni ojú ọ̀gá ò ní ṣe sí bírò?

A tún un pín, láìsí orúkọ, nínú àpòòwé tí àwọn nọ́ọ̀sì lẹ̀ pa fúnra wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà já níbi "lójoojúmọ́".