Bẹ́ẹ ṣe lè mọ ìgbà tí ọmọ tó ń gbá họ́kì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa di pro

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń da ìbéèrè yìí bò mí, pàápàá àwọn ará Èkó tó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ní Boston tàbí Minnesota. "Ọmọ yìí ń gbá góòlù wọlé bí ẹni máa kú, kí ló tún ń wá ní skúùlù?" Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la kúkú fi ń wo gbogbo nǹkan níbí. Nínú bọ́ọ̀lù, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá, ọjọ́ tó bá pé 18 ni báàgì ẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Osimhen tó dàgbà sí Olusosun, ìparí Dìsẹ́ńbà 2016 ló pé 18, Jánúárì 2017 ó ti wà ní Wolfsburg. Họ́kì orí yìnyín ò rí bẹ́ẹ̀ o. (Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbá ní Stadium Sùúrùlérè o, ìyẹn lọ́tọ̀.)

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé góòlù nìkan ò lè sọ ìgbà tí ọmọ máa lọ. Kàlẹ́ńdà ló ń sọ ọ́, kàlẹ́ńdà àti bí ilé ṣe kún tó nínú tíìmù tó ni ín. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ orí ọmọ, ọdún tí wọ́n mú un, àti ọjọ́ tí skúùlù ẹ̀ máa gbá eré ìkẹyìn, ó ti mọ ju ẹni tó ń ka góòlù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ín

NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní tíìmù 32. Lọ́dọọdún, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìparí Júùnù, wọ́n máa ń ṣe dráfítì, wọ́n á tò sórí ìlà, wọ́n á máa mú ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ipele 7 á fi parí. Ọmọ tó bá máa pé 18 kó tó kọjá Sẹ̀tẹ́ńbà 15 ọdún yẹn lè wọ̀ ọ́. Tíìmù tó bá mú un ló ni ráìtì ẹ̀, kò sí tíìmù NHL mìíì tó lè bá a sọ̀rọ̀ owó mọ́, àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ wọn. Ọmọ lè jẹ́ ti Calgary lórí ìwé, kó ṣì máa gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Boston College, kó máa ṣe ìdánwò bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn bàbá lójú. Wọ́n á gbọ́ pé wọ́n ti mú ọmọ, wọ́n á ti pe gbogbo fámílì, wọ́n á ti fẹ́ da aṣọ ẹbí sílẹ̀, nígbà tí ọmọ ò tíì gba kọ́bọ̀.

Bí wọn ò bá mú un ńkọ́? Kò burú rárá, nígbà mìíì ó tiẹ̀ sàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó bá ti kọjá ọjọ́ orí dráfítì, ó lè fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. Torey Krug gbá fún Michigan State fún ọdún mẹ́ta, ẹnì kankan ò mú un ní dráfítì, Boston sì fún un níwèé ní Máàṣì 2012. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó wo tíìmù mẹ́wàá kó yan ibi tí àyè wà. Ẹni tí wọ́n ti mú ò ní àǹfààní yẹn, àfi tó bá ní sùúrù gan-an.

Sùúrù yẹn lọ̀rọ̀ kàn báyìí. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ti ń lò bọ̀, tíìmù ló ni ráìtì ọmọ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tó bá wá parí ọdún mẹ́rin tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan, ráìtì á bọ́ ní Ọ́gọ́ọ̀sì 15. Jimmy Vesey lẹ ó wò. Nashville mú un ní 2012, òun ni nọ́ńbà 66 tí wọ́n mú lọ́dún yẹn. Ó lọ sí Harvard, ó lo gbogbo ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gba Hobey Baker ní 2016, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nashville ń dúró dè é, ó ní òun ò ṣe. Wọ́n bá ta ráìtì ẹ̀ fún Buffalo ní Júùnù, ó tún ní òun ò ṣe. Ọ́gọ́ọ̀sì 15 pé, ó di olómìnira, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló bọ́ sọ́dọ̀ Rangers ní New York. Blake Wheeler náà ò fọwọ́ sí ìwé Phoenix tó mú un ní nọ́ńbà 5 ní 2004, Boston ló padà lọ ní 2008. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó ti wọ ọdún kẹta tí kò tíì sọ nǹkan kan, ẹ mọ̀ pé ara tíìmù tó ni ín ò lè balẹ̀, wọ́n á máa fòòró ẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀.

Àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀ o: àdéhùn tuntun láàárín NHL àti àwọn tó ń gbá họ́kì níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2026, ó sì kan ọ̀rọ̀ ráìtì. Ọdún tí wọ́n mú ọmọ tiyín ló máa sọ òfin tó kàn án, ẹ má kàn fi ti Vesey gbé e.

Ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe pàtàkì ju ìtàn lọ

Kọ́ńtíráàtì àkọ́kọ́ ní NHL kì í ṣe ohun téèyàn ń dúnàádúrà gígùn ẹ̀. Ọjọ́ orí ló ń sọ ọ́: 18 sí 21, ọdún 3, 22 àti 23, ọdún 2, 24, ọdún 1. Iye owó ibẹ̀ náà ní òdiwọ̀n, ọmọ tí wọ́n mú ní 2024 ò lè gbà ju 975,000 dọ́là lọ́dún lórí owó oṣù ẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́n ló ń wo ìwé kejì, torí ibẹ̀ ni owó gidi wà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí yìí wá lọ́gbọ́n nínú. Iye ọdún tọ́mọ bá máa jẹ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà 15 ọdún tó fọwọ́ sí i ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó mú bírò. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n bí ọmọ ní Júùnù 2005. Tó bá fọwọ́ sí i ní Épírìlì 2026, 21 ni wọ́n á kà á sí, ọdún 3. Tó bá dúró di Épírìlì 2027, 22 ni, ọdún 2 péré. Àmọ́ tó bá jẹ́ Ọ̀kùtóbà 2005 ni wọ́n bí i, ní Épírìlì 2027 yẹn 21 náà ni wọ́n ṣì máa kà á sí, ọdún 3 náà ni. Oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì o, odidi ọdún kan ló sì yàtọ̀ nínú ìwé wọn. Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń béèrè ọjọ́ ìbí kí n tó béèrè góòlù.

Máàṣì àti Épírìlì lẹ máa fojú sí

Sáà kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀kùtóbà, ó sì ń parí ní Épírìlì. Tíìmù 16 ló ń wọ ìdíje NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, mẹ́rin tó kù lopin ni wọ́n ń pè ní Frozen Four. Ọmọ ò lè fọwọ́ sí ìwé NHL kó tún padà wá gbá fún skúùlù, ó ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìròyìn kankan títí skúùlù á fi jáde nínú ìdíje, tí wọ́n bá sì ti jáde báyìí, láàárín ọjọ́ mélòó kan ariwo á ta. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó láti Yábà tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, eré aago méje alẹ́ ní Boston, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wa láti àárín Máàṣì, kí wọ́n tó yí aago wọn, aago kan òru ni. Ẹ ra dátà sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí iná wà, tó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé ni wọ́n na skúùlù náà, láti Sọ́ńdè lọ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìkànnì tíìmù.

Cale Makar ni mo fi ń ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn. Colorado mú un ní 2017, nọ́ńbà 4. Ó gbá ọdún kan ní UMass, wọ́n fẹ́ kó wá, ó padà sí skúùlù. Wá wo ọ̀sẹ̀ kan ní Épírìlì 2019. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, 12, ó gba Hobey Baker. Lálẹ́ Sátidé, Minnesota Duluth na UMass 3–0 ní àṣekágbá. Sọ́ńdè, ó fọwọ́ sí ìwé. Mọ́ńdè, 15, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì Colorado ní playoff pẹ̀lú Calgary, eré àkọ́kọ́ ẹ̀ ní NHL, ó sì gbá góòlù wọlé ní ìdá àkọ́kọ́. Ọmọ tó ń ṣe kíláàsì lọ́sẹ̀ tó kọjá!

Ẹ má sì jẹ́ kí góòlù yẹn gbé yín lọ, ìwé ni kẹ́ ẹ wò. Torí pé ó gbá eré ní Épírìlì yẹn, wọ́n ka sáà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán yẹn sí ọdún kan nínú mẹ́ta ẹ̀. Dípò kí ìwé àkọ́kọ́ parí ní 2022, ó parí ní 2021, Júláì ọdún yẹn ló gba tuntun, ọdún 6, mílíọ̀nù 54 dọ́là. Ohun tí wọ́n ń pè ní sísun ọdún kan nìyẹn. Òun gan-an ni tíìmù máa ń fi fa ojú ọmọ mọ́ra ní Máàṣì: "Wá báyìí, a ó jẹ́ kó o gbá, a ó sun ọdún kan fún ẹ." Tíìmù tí kò bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ á ní kó fọwọ́ sí ìwé tó máa bẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀, kó lọ fi ìdánwò gbá ìyókù sáà yìí ní AHL, líìgì tó wà lábẹ́ NHL. Èyí tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ ló máa fi hàn yín bí wọ́n ṣe nílò ẹ̀ tó.

Ẹ ka àwọn tó wà nílé

Tíìmù kan ò lè ní ju kọ́ńtíráàtì 50 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí ìkànnì wọn, ẹ wo ipò tí ọmọ ń gbá, ẹ ka iye tó wà níwájú ẹ̀, ẹ wo ìgbà tí ìwé kálukú máa parí. Dìfẹ́ńdà ọ̀tún tó ní mẹ́rin níwájú tí gbogbo wọn ò tíì pé 26, kí ló ń sáré lọ ṣe? Ìjókòó ni wọ́n ní fún un. Bẹ́ẹ̀ tíìmù tó bá wà nísàlẹ̀ tábìlì tó ti ta àwọn àgbà ẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nọ́ńbà 1 ni wọ́n mú un torí náà ó gbọ́dọ̀ lọ. Owen Power ni nọ́ńbà 1 ní 2021, Buffalo ló mú un, ó padà sí Michigan fún odidi ọdún kan, Épírìlì 2022 ló tó fọwọ́ sí i.

Owó náà ti yí ọ̀rọ̀ padà. Láti Júláì 2025 àwọn skúùlù tó wọnú àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ kan ní kóòtù lè sanwó fún eléré ìdárayá wọn tààrà, ọdún yẹn náà ni wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wá láti líìgì júníọ̀ ńlá Kánádà lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, Gavin McKenna gan-an, ọ̀kan lára wọn, lọ sí Penn State. Ìyẹn ni pé dídúró sí skúùlù kì í ṣe ìyà bíi ti tẹ́lẹ̀, lójú tèmi àwọn ọmọ tó bá wà ní àárín ọ̀nà ló máa dúró pẹ́ jù.

Tó bá jẹ́ ẹbí ni yín

Ẹ fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀ ní Máàṣì, mo bẹ yín. Bùọ̀dá kan ní Sùúrùlérè máa ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́yìn gbogbo eré pé "ṣé wọ́n ti sanwó?", ọmọ ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ bá a kọ ìbéèrè sílẹ̀ tó máa bi ẹni tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn: ṣé NHL tààrà ni àbí AHL? Tó bá jẹ́ AHL, èló ni owó ẹ̀ níbẹ̀, torí ó máa ń já wálẹ̀ gan-an? Ṣé wọ́n máa sun ọdún kan? Ta ló wà níwájú ẹ̀? Báwo ló ṣe máa parí digírì ẹ̀? Tíìmù tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin yẹn tààrà, kí ọmọ rọra padà sí kíláàsì.

Tí ìparí Máyì bá kọjá tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ tún rí i nínú ṣẹ́ẹ̀tì skúùlù ní Ọ̀kùtóbà. Oríṣi ọmọ méjì ni kẹ́ ẹ yọ kúrò. Èkíní ni ẹni tó gbá ọdún kìíní kí wọ́n tó mú un, bíi Eichel ní 2015, Fantilli ní 2023 àti Celebrini ní 2024, Júláì ni gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Èkejì ni ẹni tó ti parí ọdún kẹrin tó ń dúró de Ọ́gọ́ọ̀sì 15 bíi Vesey, ti ìyẹn, ẹ má pa fóònù títí ọjọ́ náà á fi kọjá.