Kí ẹ tó tan amplifáyà rédíò yín

Amplifáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn: èyí tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi sun, kò gbà ju kí n ṣẹ́jú lọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni. Rédíò tó ń gbé 100 wáàtì jáde ni mo so mọ́ amplifáyà kékeré kan tí wọ́n ṣe fún rédíò oní-4 wáàtì. Mo tẹ máìkì, mo ní "Hẹ́lò", ó dún "tá!", òórùn jíjó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?"

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo iye wáàtì tí amplifáyà lè gbà. Iye tó ń gbé jáde ni àwọn ọlọ́jà fi ń polówó, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbà ló ń pa á. Bó bá jẹ́ 50 ló ń gbà, ẹ fi rédíò sí 20 ná, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn rédíò kan o: bí ẹ tilẹ̀ ti dín wọn kù, bí ẹ bá ṣe tẹ máìkì báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ ta gbogbo 100 jáde kí wọ́n tó rántí pé ẹ ti dín àwọn kù. Amplifáyà onítiránsísítọ̀ kì í fara da irú ẹ̀.

Áńtẹ́nà ló kàn, ibẹ̀ ni èmi àti àwọn oníbàárà kì í ti í gbọ́ra wa yé. Agbára tí áńtẹ́nà ò bá gbà, ẹ̀yìn ló ń padà sí, inú amplifáyà ló sì ti ń di ooru. Ẹ má tan amplifáyà rárá. Rédíò nìkan, ní 10 wáàtì, ni kí ẹ fi wo SWR, ìyẹn nọ́ńbà tí mítà fi ń sọ bí agbára tó ń padà ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá kọjá 1.5, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá ti ju 2 lọ, ẹ gun òkè lọ tún áńtẹ́nà ṣe. Ẹ sì máa tún un wò lásìkò òjò. SWR áńtẹ́nà mi tó dáa lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ti di 4 nígbà tójò rọ̀ dáadáa; mo tú ẹnu wáyà, omi ń kán níbẹ̀ bíi kànrìnkàn tí wọ́n fún. Tépù lásán ni mo fi wé e, ọ̀lẹ ló kó bá mi.

Ti iná, ẹ ti mọ̀. Bí epo jẹnẹrétọ̀ bá fẹ́ tán, tó ń ké wúù-wúù, ẹ yára pa amplifáyà, torí bí ohùn ẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ni iná náà ń ṣe.

Amplifáyà tó ń lo fáífù, ohun tó dà bíi gílóòbù tó ń ṣe iṣẹ́ tiránsísítọ̀, ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Iná inú ẹ̀ lè ju 2,000 fóòtì lọ, kapásítọ̀ sì lè gbé e pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ ẹ tutù kí ẹ tó pa á. Ọmọ iṣẹ́ kankan kì í ṣí ìdérí tèmi. Èmi fúnra mi, máa yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, máa lọ jẹun, máa fi mítà wò ó bóyá iná ti tán níbẹ̀, kí n tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo sínú ẹ̀. Èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò.