Ẹ Má Fi TENS Ti Oògùn Wọ Ara: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Iontophoresis

Láti Adó títí dé Ìdó, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá yàrá físíò sílẹ̀ ń náwó sórí iná àti oògùn tí kì í dé ibi tí wọ́n rán an. Ó ń bí èèyàn nínú, nítorí owó aláìsàn ni. Àgbẹ̀ tó ta iṣu kó tó rówó tọ́jú gìgísẹ̀, ìyá olóúnjẹ tí iyán gígún ti ba iṣan ìgúnpá rẹ̀ jẹ́, kò yẹ kí wọ́n sanwó fún páàdì tútù lásán. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti a-b-d. Ẹni tó bá ti di páàdì mú yẹ kó ti mọ̀ pé iontophoresis ni ká fi iná díẹ̀ ti oògùn gba awọ ara kọjá láìgún abẹ́rẹ́.

Ẹkíní: TENS, ẹ̀rọ tó ń fi iná dín ìrora kù láti orí awọ, kì í ṣe iontophoresis.

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀. Wọ́n á ra ẹ̀rọ TENS kékeré onípáàdì mẹ́rin, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì diclofenac, oògùn ìrora, tàbí báàmù pa ojú páàdì, wọ́n á tan ẹ̀rọ. Bí ẹran ara bá ti ń fò pìtìpìtì, wọ́n á ní oògùn ti ń wọlé. Oògùn kankan ò wọlé ju èyí tí à bá fi ìka lásán pa lọ. Iná TENS ń lọ, ó ń bọ̀: bó ṣe ń tì síwájú ló ń fà padà sẹ́yìn, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Oògùn tí a tì tí a tún fà, ojú kan ló máa wà. Iná tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni DC, èyí tó ń ṣàn lọ́nà kan ṣoṣo láìyí padà.

Ohun tó ń tàn wọ́n ni pé aláìsàn á ní ara òun fúyẹ́. Òótọ́ ló sọ. TENS fúnra rẹ̀ ń dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ TENS nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ diclofenac. Bó bá di alẹ́ tí ìrora padà dé, iṣan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu wà bó ṣe wà, nítorí oògùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ti báàmù tilẹ̀ tún burú sí i. Methyl salicylate, oògùn inú rẹ̀, kò ní pósítíìfù, kò ní nẹ́gétíìfù, iná ò rí ibi dì í mú. Òróró inú báàmù náà sì ń dínà: ibi tí òróró bá bò kò gba iná, gbogbo iná á rọ́ lọ síbi kékeré tó ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ló máa ń jó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò. Bó bá jẹ́ Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti µs (bí iná kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó) nìkan lẹ rí, TENS ni. Ẹ̀rọ iontophoresis máa ń kọ mA (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) àti mA-min (mA ní ìlọ́po iye ìṣẹ́jú), ó sì máa ń fi pósítíìfù àti nẹ́gétíìfù hàn gbangba. Ẹ má sì jẹ́ kí oníná àdúgbò fi bátìrì 9V àti wáyà méjì so èyí tó dínwó fún yín. Awọ ara máa ń ta ko iná gan-an níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí iná ṣe ń gbà á kọjá ni agídí rẹ̀ ń rọ̀. Ẹ̀rọ gidi ń tẹ̀ lé e, ó ń dín fóltéèjì kù kí mA má bàa yí padà. Bátìrì lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; mA á kàn máa gòkè ni.

Ẹkejì: wáyà tí kò bá oògùn mu.

Pósítíìfù ń lé pósítíìfù, nẹ́gétíìfù ń lé nẹ́gétíìfù. Dexamethasone sodium phosphate (oògùn tó ń dín wíwú kù), diclofenac sodium, salicylate àti acetic acid, abẹ́ nẹ́gétíìfù ni wọ́n ń lọ. Lidocaine hydrochloride, oògùn tó ń mú ojú ara kú, abẹ́ pósítíìfù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Stéphane Leduc, ará Faransé, so ehoro méjì mọ́ iná kan náà: strychnine lábẹ́ pósítíìfù lára ọ̀kan, cyanide lábẹ́ nẹ́gétíìfù lára èkejì. Méjèèjì kú. Nígbà tó pààrọ̀ wáyà, májèlé kan náà, iná kan náà, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Bí ẹ bá so dexamethasone mọ́ pósítíìfù, inú páàdì ló máa wà títí ẹ ó fi kó òun àti páàdì dànù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ po òun àti lidocaine pọ̀ sínú páàdì kan: bí wáyà bá bá ọ̀kan mu, èkejì ò ní lọ síbì kan.

Ẹkẹta: ẹ má lọ hóró dexamethasone sínú omi. Kì í yòrò dáadáa, iná ò sì lè tì í. Ti inú abẹ́rẹ́, 4 mg/mL, ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Omi iyọ̀ ńkọ́? Páàdì kejì, èyí tí kò ní oògùn, lè gbà á. Ti olóògùn kò gbọdọ̀ rí i, kò gbọdọ̀ rí omi kànga tàbí ti bohóòlù pẹ̀lú. Sodium àti chloride kéré, wọ́n sì yá lẹ́sẹ̀ ju oògùn lọ. Àwọn ni iná máa kó wọlé, oògùn á wà lẹ́yìn.

Ìṣirò iye iná tún ń kó wọn sí wàhálà. 40 mA-min ló wọ́pọ̀: 4 mA fún ìṣẹ́jú 10, tàbí 2 mA fún ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó ń kánjú á yan 4 mA láìwo bí páàdì ṣe tóbi tó. Lábẹ́ nẹ́gétíìfù, 0.5 mA ni ààlà fún 1 cm². Lábẹ́ pósítíìfù, 1 mA. Ti nẹ́gétíìfù kéré nítorí ohun tó ń gbára jọ síbẹ̀ dà bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ó ń bó awọ. Bí páàdì dexamethasone yín bá jẹ́ 8 cm², 4 mA ni òpin rẹ̀ gan-an. Bí ìdajì rẹ̀ bá wá gbẹ, tàbí tí etí rẹ̀ ṣí, 4 cm² péré ló kù tí gbogbo iná yẹn ń gbà. Ó ti di ìlọ́po méjì ààlà nìyẹn. Ẹ lo 2 mA fún ìṣẹ́jú 20. Ìwọ̀n kan náà ni. Iye mílílítà tí wọ́n kọ sára páàdì ni kí ẹ fà sí i, kó rin káríkárí, kó má ṣàn jáde. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn fi ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ máa gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé òdo kí ẹ tó ká páàdì.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ kọ́kọ́ wo orúnkún tàbí ìgúnpá náà bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ojú gbẹ́rẹ́ tí kò tíì jinná ni iná máa wá gbà, á sì jó ibẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ dúró kó jinná ná. Irú rẹ̀ náà ni abẹ ń ṣe, nítorí náà sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi gé irun, ẹ má fá a. Bí òrí tàbí báàmù bá wà lára, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi sípíríìtì pa á.

Bí màmá bá ní, “Dókítà, ó ń jó mi o,” ẹ má dáhùn pé, “Ẹ rọ́jú, Mà, ó kù díẹ̀.” Kó máa yún wọn díẹ̀, kò burú. Jíjó burú. Ẹ sọ iná kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ká páàdì, ẹ wo awọ. Àwọn àgbà wa lè fara dà á torí wọn ò fẹ́ dà yín láàmú, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ máa bi wọ́n léèrè. Bó bá sì jẹ́ lidocaine, ẹ má gbára lé ẹnu wọn nìkan, torí oògùn náà ń mú ojú ibẹ̀ kú. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, ẹ wò ó bóyá ó ń lé ròrò. Páàdì iléeṣẹ́ ńlá pàápàá ń jóni: ní 2016, wọ́n dá títa Zecuity dúró ní Amẹ́ríkà, páàdì oníná fún túúlu, nítorí ó ń jó àwọn tó ń lò ó, ó sì ń dá àpá sí wọn lára.

Ẹ má gbé páàdì iontophoresis sórí ìbàdí tàbí eegun ẹ̀yìn. Oògùn náà kì í jìn ju nǹkan bíi 1 cm lọ. Ìgúnpá, gìgísẹ̀, ọrùn ọwọ́, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀, ibi tí iṣan bá ti sún mọ́ awọ ló wà fún.

Ẹni tó ní pacemaker (ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn), aláboyún, ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn náà: rárá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ fi ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìgò omi tútù kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó di ojú. Bí kò bá lè mọ èwo ni èwo, ẹ má so wáyà kankan mọ́ ọn.