Bí Mo Ṣe Yanjú Ìṣòro Ọbẹ̀ Tó Ń Bàjẹ́ Nínú Fírísà

Ó ti pẹ́ tí ọbẹ̀ tí mo ń sè sílẹ̀ fún ìdílé mi kì í ti í dùn mọ́ nígbà tí a bá yọ ọ́ nínú fírísà: omi á ti yà lára rẹ̀, ẹran inú rẹ̀ á sì ti funfun, á ti gbẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé fírísà ni kò dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn òtútù rẹ̀, ó wà ní -18°C, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ.

Abọ́ ni àṣìṣe náà wà. Abọ́ ńlá tó jinlẹ̀ ni mo máa ń rọ gbogbo ọbẹ̀ sí, èyí tó ń mú kí àárín rẹ̀ pẹ́ kó tó dì; bí oúnjẹ bá sì ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì ni yìnyín inú rẹ̀ ń tóbi tó, tí yóò sì máa ya ẹran àti ẹ̀fọ́ láti inú. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè abọ́ ló ń gbẹ ẹran.

Ní báyìí, mo máa ń pín ọbẹ̀ sínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó lè tètè tutù, n kì í sì í jẹ́ kó lò ju wákàtí 2 lọ níta. Lẹ́yìn náà, mo máa ń bù ú sínú ọ̀rá tó nípọn, ní ìwọ̀n tí a lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń tẹ afẹ́fẹ́ jáde, mo sì máa ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ títí yóò fi dì, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Inú fíríìjì ló ti máa ń yọ́ mọ́jú, kí n tó gbé e kaná dé 74°C. Ẹran náà kì í gbẹ mọ́.