Bí Mo Ṣe De Ọkọ̀ Ojú Omi Mọ́ Rẹ̀mọ́ọ̀kù, láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu

Odò Wémè tó ń ṣàn wá sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ló tún gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn Kétu kọjá, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi ibẹ̀ a máa fà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n fẹ́ máa fi gbé èèyàn sọdá odò lọ́hùn-ún, ojú títì la ní láti gbé e gbà lórí rẹ̀mọ́ọ̀kù, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí mọ́tò ń fà, kọjá Sákété àti Pobẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n dè é.

Táyà rẹ̀mọ́ọ̀kù ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo fi jáàkì gbé e sókè, mo fọwọ́ yí i: bí bíárínì bá ń ké, ó lè jẹ́ gíríìsì ló ń wá. Rẹ̀mọ́ọ̀kù tó ń wọ omi ọ̀sà, iyọ̀ a máa jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo yọ ìdérí ihò ìdí ọkọ̀, kí omi tó wà níbẹ̀ lè ṣàn jáde. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ta ló fẹ́ gbé igba kílò omi dé Kétu?

A so rẹ̀mọ́ọ̀kù mọ́ kókó irin tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Ohun tí mo fi mọ̀ pé ó ti mú nìyí: mo yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀mọ́ọ̀kù títí ọ̀pá iwájú rẹ̀ fi gòkè díẹ̀, ẹ̀yìn mọ́tò sì bá a gòkè. Mo fi ṣéènì méjèèjì kọ́ ara wọn lábẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n lè gba ọ̀pá náà dúró bí kókó irin bá jáwọ́. Ó yẹ kí ẹrù tẹ kókó náà díẹ̀, bí 5 sí 10 nínú 100 ìwúwo gbogbo rẹ̀. Bí iwájú bá fúyẹ́ jù, rẹ̀mọ́ọ̀kù á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà.

Níbi ìdè gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Wọ́n á fa okùn imú ọkọ̀ pinpin, wọ́n á ní ó ti tán. Ọmọ tí a kàn fi ìró pọ̀n, tí a kò gba ọ̀já sí nídìí, yíyọ̀ ni yóò yọ̀. Mo fi okùn tí a ń yí mú òrùka imú, mo fi ṣéènì mìíràn tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo mú bẹ́líìtì ẹrù méjì, ọ̀kan fún òrùka ìdí ọkọ̀ lápá ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, mo sì fà wọ́n sísàlẹ̀ mọ́ irin rẹ̀mọ́ọ̀kù. Mo lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí atẹ́gùn má baà máa gbọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n tó máa wa mọ́tò ní, “Ṣé okùn náílọ́nù ò tó ni?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Náílọ́nù a máa nà, pàápàá bó bá tutù. Bó bá nà tán, ọkọ̀ á máa fò lórí gbogbo òkè tí wọ́n mọ sójú títì.”

Wọ́n gbà. A jọ gbá ìdí ọkọ̀ mú, a mì í: ọkọ̀ kò yẹ̀, rẹ̀mọ́ọ̀kù ló bá a mì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo gbé ẹ̀ńjìnnì ìdí ọkọ̀ sókè, mo sì fi igi tì í nísàlẹ̀, nítorí kì í ṣe irin tí a fi ń gbé e ló yẹ kó gba gbogbo gbígbọ̀n ojú ọ̀nà sára. Àgbá epo, àjẹ̀ àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi wọnú mọ́tò. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi dúró lẹ́yìn, kó wo iná bíréèkì àti iná ọ̀tún-tòsì.

Kí a tó jáde ní Àjàṣẹ́ la ti dúró. Bẹ́líìtì kan ti dẹ̀, mo há a. A tún dúró ní Sákété àti Pobẹ̀, mo fọwọ́ kan àárín táyà bóyá ó ń gbóná jù.

Nígbà tí a dé etí odò, bẹ́líìtì ìdí ni mo kọ́kọ́ tú, mo dá ìdérí ihò padà, mo sì há a. Ṣéènì imú ni mo fi ṣe ìkẹyìn, lẹ́yìn tí omi ti gba ìdí ọkọ̀.