Bẹ́ ẹ ṣe lè máa dá àwọn fíìmù tí The Simpsons ń sín jẹ mọ̀

Tẹ́ ẹ bá ń wo The Simpsons, tó jẹ́ pé Homer tó ń jẹ donut àti Bart tó ń yọ olùkọ́ lẹ́nu nìkan ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, kò sóhun tó burú ńbẹ̀ o, ẹ̀rín ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ nǹkan tó pọ̀ gan-an ló ń kọjá níwájú yín tẹ́ ẹ ò mọ̀. Matt Groening ló dá kàtúùn yìí sílẹ̀, eré kéékèèké ló kọ́kọ́ jẹ́ nínú The Tracey Ullman Show lọ́dún 1987, ìgbà tó di December 1989 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox wá sọ ọ́ di eré ìdajì wákàtí, àtìgbà yẹn làwọn tó ń kọ ọ́ ti ń kó fíìmù, orin, ìpolówó ọjà, olóṣèlú, gbogbo nǹkan táwọn ará Amẹ́ríkà ti wò àti èyí tí wọ́n ti gbọ́ rí, wọ́n ń rọ́ ọ sínú ẹ̀, wọn kì í sì í dúró ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwa tá ò dàgbà sídìí tẹlifíṣọ̀n wọn ló máa ń fò kọjá jù, ó sì máa ń dùn mí, torí nǹkan tó ṣeé kọ́ ni, ojú àti etí lẹ nílò, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wo gbogbo fíìmù ayé tán.

Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Kí wọ́n dárúkọ nǹkan lásán yàtọ̀ sí kí wọ́n sín in jẹ. Àwọn abàmì ẹ̀dá méjì tó máa ń wá láti òfuurufú nínú àwọn episode Halloween, Kang àti Kodos, inú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ni wọ́n ti mú orúkọ méjèèjì, ó tán síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ náà ò pàdánù nǹkan kan. Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sín nǹkan jẹ, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, orin ẹ̀, ibi tí kámẹ́rà dúró sí, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa gbé wá, wọ́n á wá fi nǹkan yẹpẹrẹ sí àárín ẹ̀. Èyí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé: ibikíbi tí nǹkan bá ti ṣàdédé tóbi ju ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ lọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Bart's Friend Falls in Love, ti ọdún 1992. Bart fẹ́ jí ìgò tí Homer ń kó ṣéńjì sí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tó fẹ́ jí owó bàbá ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Kí wá ló dé tí orin fi ń lọ bíi pé ayé fẹ́ parẹ́? Kí ló dé tó fi ń rìn bíi pé ó wọ inú ibojì ọba àtijọ́? Homer bá jí, ó ń lé e tòun ti pátá nìdí, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó wá ń yí gbirigbiri bọ̀ lẹ́yìn ọmọ ẹ̀ bí àpáta, Bart sáré gba abẹ́ ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí kó tó pa dé, ó sì bẹ́ sínú bọ́ọ̀sì iléèwé. Tẹ́ ẹ bá ti wo Raiders of the Lost Ark ti 1981 rí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín, ikùn Homer ni àpáta rìbìtì tó ń yí lé Indiana Jones, akọni fíìmù yẹn, bọ́ọ̀sì sì ni ọkọ̀ òfuurufú tó fi sá lọ. Tẹ́ ẹ ò bá sì tíì wò ó, ẹ ṣáà ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí pé ìgò ṣéńjì ò tó nǹkan tí wọ́n ń ṣe irú wàhálà yẹn lé lórí. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó wáyé sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó lọ, ìwádìí ń bọ̀.

Etí ló tún ṣiṣẹ́ ju ojú lọ nígbà míì, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn kì í fi í sọ̀rọ̀ orin. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bernard Herrmann, òun ló ṣe orin Citizen Kane ní 1941, òun ló ṣe ti Psycho ní 1960, òun náà ló ṣe ti Cape Fear ní 1962, àwọn fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì wà lára èyí táwọn The Simpsons fẹ́ràn láti máa sín jẹ. Ẹ lọ gbọ́ orin balùwẹ̀ inú Psycho lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn violin tó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n ń fún lọ́rùn yẹn, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ títí láé. Tẹ́ ẹ bá wá wo Itchy & Scratchy & Marge ti 1990, Homer wà nísàlẹ̀ ilé ó ń kan nǹkan, Maggie ọmọ ọwọ́ gbé òòlù yọ sí i látẹ̀yìn, violin yẹn bẹ̀rẹ̀, Homer ṣubú, ọ̀dà pupa wá ń ṣàn lọ sójú ihò omi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ṣàn nínú Psycho tí Hitchcock ṣe. Kámẹ́rà ò ṣì í níbì kankan. Ọmọ tí ò tíì lè sọ̀rọ̀ ló wá di apààyàn tó ń kó gbogbo èèyàn láyà jẹ.

Bákan náà ni Sideshow Bob, ọ̀daràn tó máa ń fẹ́ pa Bart. Cape Feare jáde lọ́dún 1993, Cape Fear tí Martin Scorsese tún ṣe ní 1991 ni wọ́n ń sín jẹ, Elmer Bernstein ló tún orin Herrmann lò nínú ìyẹn, The Simpsons wá gba orin kan náà, wọ́n sọ ọ́ di orin Bob. Látìgbà náà tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ wúwo wúwo yẹn, Bob ti dé nìyẹn, kẹ́ ẹ tó rí irun ẹ̀ pàápàá. Ẹ fi episode yìí kọ́ nǹkan míì: ẹ wo fíìmù náà, ẹ wo episode, kẹ́ ẹ wá béèrè pé èwo ni kò sí nínú fíìmù. Ibi tí Bob ti ń tẹ réèkì mọ́lẹ̀ tí igi ẹ̀ ń gbá a lójú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, tó ń kùn hùn-ùn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí nínú Cape Fear kankan o. Episode yẹn ló kúrú, wọ́n wá fà á gùn kó lè pé àkókò, ó sì wá di ọ̀kan lára ibi táwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Torí náà kì í ṣe gbogbo nǹkan abàmì ló jẹ́ pé ibì kan ni wọ́n ti mú un wá, ẹ má fi dandan so ó mọ́ nǹkan.

Tó bá dọ̀rọ̀ wíwo fíìmù tí wọ́n mú un látinú ẹ̀, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo episode, kẹ́ ẹ lọ wo fíìmù, kẹ́ ẹ tún padà wo episode. Àwọn kan á ní fíìmù lẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Mi ò gbà. Tẹ́ ẹ bá ṣe é bí mo ṣe wí, inú fíìmù ńlá yẹn gan-an lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀, kò ní sú yín, pàápàá àwọn fíìmù dúdú àti funfun tó máa ń sú àwọn ọ̀dọ́. Citizen Kane lè dà bí iṣẹ́ iléèwé lójú ẹlòmíì, àmọ́ ẹni tó bá ti wo Rosebud ti 1993, episode tó sín in jẹ, tó ti rí Ọ̀gbẹ́ni Burns arúgbó olówó yẹn tó ń sunkún nítorí béárì ìṣeré tó sọ nù láti kékeré, ó ti mọ ibi tí ìtàn yẹn ń lọ, ó sì máa ká a lára.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo fẹ́ràn jù hàn yín dáadáa. Treehouse of Horror V, ọ̀kan lára àwọn episode Halloween, ti 1994, apá àkọ́kọ́ ẹ̀, The Shining tí Stanley Kubrick ṣe ní 1980 ni. Ìdílé kan lọ ṣọ́ ilé ńlá tó dá wà nígbà yìnyín, orí bàbá wá dàrú. Nínú fíìmù, ọkùnrin náà ń tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí ìwé láìmọye ìgbà, iṣẹ́ láìsí eré. Ti Homer, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí bíà, ìyẹn ló yí i lórí. Lẹ́yìn náà ló gbé àáké, ó là ìlẹ̀kùn, ó ti orí bọ inú ihò ẹ̀, ó ní "Here's Johnny!", bẹ́ẹ̀ yàrá ṣófo, kò séèyàn kankan ńbẹ̀. Ó la ìlẹ̀kùn míì, ó ní David Letterman lòun, bàbá ẹ̀ àgbà ló bá níbẹ̀, bàbá wá ń kí i. Ó la ìkẹta, ó ń ka orúkọ àwọn oníròyìn 60 Minutes lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Jack Nicholson, òṣèré tó ṣe bàbá yẹn, ló sọ "Here's Johnny" nínú The Shining, àmọ́ kì í ṣe tiẹ̀, Ed McMahon ló máa ń sọ ọ́ lálaalẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tó bá fẹ́ ké sí Johnny Carson kó jáde nínú The Tonight Show. Ìyẹn ni pé fíìmù yẹn fúnra ẹ̀ ti tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n, The Simpsons wá tọ́ka sí fíìmù, wọ́n sì tún gbé e padà sórí tẹlifíṣọ̀n, torí iṣẹ́ kan náà bíi ti Carson ni Letterman náà ń ṣe lálẹ́ nígbà yẹn, 60 Minutes sì jẹ́ ètò tẹlifíṣọ̀n. Kí ló sì sọ Homer di wèrè? Àìrí tẹlifíṣọ̀n wò. Gbogbo ẹ̀ so kọ́ra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti mú nǹkan, ẹ má tíì dúró, ẹ bi ara yín pé ibo ni ìyẹn náà ti mú tiẹ̀.

Ohùn àwọn èèyàn inú ẹ̀ náà ní ibi tó ti wá, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Mayor Quimby ń sọ̀rọ̀ bí àwọn Kennedy, ìdílé olóṣèlú Amẹ́ríkà yẹn, Chief Wiggum ń sọ̀rọ̀ bí Edward G. Robinson tó máa ń ṣe ọ̀daràn nínú fíìmù àtijọ́ (ọlọ́pàá wá ń lo ohùn jàǹdùkú, ẹ rí i), Rainier Wolfcastle, òṣèré fíìmù inú ẹ̀, sì ni Arnold Schwarzenegger, ìyẹn ò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tó ṣàjèjì, ẹ wá orúkọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ. Kẹ́ ẹ sì máa dá fíìmù dúró wò ó níbi tí pátákó bá wà lára ṣọ́ọ̀bù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lójú.

Orí ìgbésí ayé àwọn olórin náà ò gbẹ́yìn o, Homer's Barbershop Quartet, 1993 náà ni, The Beatles ni látòkèdélẹ̀. Homer, Skinner, Apu àti Barney ń kọrin, wọ́n gbajúmọ̀, Barney lọ mú obìnrin ará Japan kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà tó ṣòro láti yé èèyàn, tó bèèrè pé kí wọ́n gbé èso plum kan tó ń léfòó lórí lọ́fínńdà wá fóun nínú fìlà ọkùnrin. Yoko Ono, ìyàwó John Lennon tó wà nínú The Beatles, nìyẹn. Níparí, wọ́n gun orí òrùlé ilé ọtí Moe lọ kọrin, bí The Beatles ṣe gun orí ilé iṣẹ́ wọn ní London ní January 1969. George Harrison tìkára ẹ̀, tó wà lórí òrùlé yẹn lọ́jọ́ náà, ló wá fi ohùn ẹ̀ sínú kàtúùn, ó ń wa mọ́tò kọjá nísàlẹ̀, ó wo òkè, ó ní wọ́n ti ṣèyẹn rí. Homer wá sọ gbólóhùn tí John Lennon fi parí orin lórí òrùlé ọjọ́ yẹn, pé òun nírètí pé àwọn yege ìdánwò. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Barney ní kò yé òun. Ẹni tí kò mọ̀ ń bá Barney dúró níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ń bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti fi àyè gba àwọn méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tẹ́ ò mọ orírun ẹ̀, orúkọ episode lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun fúnra ẹ̀ sábà máa ń tú àṣírí, bíi Cape Feare tí wọ́n kàn fi lẹ́tà kan kún. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sórí Google pẹ̀lú orúkọ episode. Àwọn DVD ẹ̀ tún ní ibi táwọn tó kọ ọ́ ti ń sọ̀rọ̀ lórí episode kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló dájú jù. Kẹ́ ẹ sì máa wo ọdún. Nǹkan tí wọ́n ń sín jẹ gbọ́dọ̀ ti wà kí episode tó jáde, kò lè jẹ́ òdìkejì, àìmọye fọ́tò tí wọ́n ń pín kiri pé The Simpsons ti rí ọjọ́ iwájú ló jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó yà á lẹ́yìn tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ tán.

Ẹ fi A Streetcar Named Marge, ti 1992, dán ara yín wò. Eré orí ìtàgé tí Marge, ìyàwó Homer, ń ṣe, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, orúkọ ti sọ ọ́ pé A Streetcar Named Desire ni. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò, níbi tí wọ́n ti gba pásífáyà lẹ́nu gbogbo wọn tí Maggie wá ń ṣètò bó ṣe máa jí wọn padà. Ẹ tẹ́tí sí orin, ẹ wo bó ṣe jókòó níbi tí wọ́n tì í mọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù lu ògiri. Nígbà tí Homer bá wá mú un, tó ń gba àárín àwọn ọmọ tí gbogbo wọn ń fa pásífáyà lẹ́nu kọjá, tí kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, ẹ wo ọkùnrin onísanra tó ń fa ajá kọjá níta. Àkọ́kọ́ ni The Great Escape, ìkejì ni The Birds, 1963 ni méjèèjì, ọkùnrin alájá yẹn sì ni Alfred Hitchcock tó ṣe The Birds, torí pé òun fúnra ẹ̀ ló fa ajá méjì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà.