Bí a ṣe yọ bóòtì abẹ́ 4Runner mi tó ti há sínú búùṣì

Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi àti bàbá mẹkáníìkì wa ṣe yọ bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù iwájú, torí ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bóòtì méjì péré fi dá wa dúró. Jíìpù Toyota 4Runner 1999 ni, mo fẹ́ gbé e sókè ní íǹṣì méjì torí ọ̀nà oko wa lápá Ìjàyè, tójò bá ti rọ̀ báyìí abẹ́ ọkọ̀ á máa wọ́ ilẹ̀ ni. Mo ti ra sípírìn àti ṣọ́ọ̀kù tuntun, mo rò pé tó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé a ti parí ẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ yìí, ibi tí yìnyín ti ń bọ́ l'Amẹ́ríkà ló ti wá, iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì níbẹ̀ ló ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ara ẹ̀ lókè ń dán gbinrin, ẹ wá bẹ abẹ́ ẹ̀ wò, ìpẹtà pupa ni gbogbo ẹ̀.

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lórí ṣọ́ọ̀kù kò dà wá láàmú rárá. (Ti àárín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, òun ló di sípírìn mú, tó bá já ó lè pààyàn.) Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Mo tú nọ́ọ̀tì, ó jáde wẹ́rẹ́, inú mi dùn, mo wá fi sípánà sórí bóòtì, mo ki páìpù gígùn bọ̀ ọ́, mo fà á, ó tẹ̀ lé mi díẹ̀, mo dẹwọ́, ó yí padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bàbá ní, "Ọmọ mi, fi sílẹ̀ ná, kì í ṣe ẹnu nọ́ọ̀tì ló ti há, inú búùṣì ni."

Páìpù irin kékeré kan wà láàárín rọ́bà búùṣì, inú ẹ̀ ni bóòtì gbà kọjá, ìpẹtà ti so àwọn méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yí bóòtì, páìpù yẹn ló ń bá a yí, rọ́bà á wá fà á padà, gbogbo agbára yín rọ́bà ló ń gbé e mì.

A ń kán epo tó ń wọnú ìpẹtà sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méjì. A dá nọ́ọ̀tì padà títí ó fi bá ẹnu bóòtì dọ́gba kí hámà má ba ẹnu ẹ̀ jẹ́, a lù ú, kò mira. Ni bàbá bá pe wẹ́dà. A nu epo kúrò, a ká ọ̀pá búréèkì kúrò nítòsí, a gbé garawa omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, iná bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà ń jó, èéfín dúdú tó ń rùn, àmọ́ ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ la máa jù nù, kò sóhun tó kàn wá. (Tó bá jẹ́ búùṣì tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ lò ni, ẹ má fi iná sún mọ́ ọn o.) Bó ṣe pọ́n, bàbá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbọ́ "kẹ́!", ẹ̀tù pupa dà sílẹ̀ bí èlùbọ́, bóòtì jáde.

Ti ọwọ́ òsì kò gbọ́ ti iná rárá. Ayùn irin la fi gé e, lápá méjèèjì búùṣì, láàárín búùṣì àti etí àámù (apá irin tí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù so mọ́), a pààrọ̀ ayùn lẹ́ẹ̀mẹta, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Mo wá bóòtì tuntun tí nọ́ńbà orí ẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, torí bóòtì rírọ̀ tí wọ́n ń tà kiri kò lè gbé ọkọ̀ yìí.

Ká tó dá wọn padà mo fi gírísì pa ara bóòtì dáadáa, a kò sì fún un tán àfìgbà tí táyà kanlẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, rọ́bà á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, kò ní pẹ́ ya. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ fún alignment (kí wọ́n tún táyà tò kó lè dúró gún), bóòtì àámù ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é yí fún wọn, torí mo ti ń kán epo sí àwọn náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.